Ta Ni Ó Ní Ẹnu Láti Sọ Pé Ó Parí? Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Òpin Nínú Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbẹ̀yìn ni alayò ń ta. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n ayò, ọmọ ayò 48 sì ni àwọn méjì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ lè di òpè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí àwọn òǹwòran ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè di ọ̀ta. Nítorí náà, alayò tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í gbà kí òǹwòran bá òun kéde pé eré ti parí.

Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Èdè Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé nǹkan ti dópin, tàbí pé ó kù díẹ̀ kí ó dópin. Àwọn kan ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní gbé jáde láti ibùdókọ̀, ilé ìtajà mẹkáníìkì àti ibi ìpolongo ìbò. Àwọn olùkọ́ máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ ìgboro, wọ́n a sì fi gègé pupa pa á rẹ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìdí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, a ó rí i pé ìtàn àwùjọ ni ó sápamọ́ sínú wọn. A ó sì rí i pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé kiri: ta ni ó ní ẹnu láti sọ pé ó parí?

Agbègbè Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa. Ìlú Ara wà ní ẹ̀gbẹ́ Ẹdẹ. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, tí oríkò rẹ̀ wà ní Awó, ni Ara bọ́ sí lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ẹdẹ ni a fi ń júwe rẹ̀ fún àlejò. Láàárín ọdún díẹ̀ tí ó kọjá, àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti rí ẹ̀rí tí ó dájú pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a pè ní òpin ni ó jẹ́ òpin.

Parí, Tán àti Kù

Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni ìyá fún gbogbo àwọn yòókù. Àkọ́kọ́ ni "parí". Ọwọ́ ènìyàn máa ń wà nínú ohun tí ó parí. A ń parí iṣẹ́, a ń parí ilé, a sì ń parí ìjà. Ẹni tí ó bá parí ìjà ti ṣe iṣẹ́ kan. Ó bẹ ìhà kìíní, ó bẹ ìhà kejì, ó sì fi ọ̀rọ̀ tútù pa iná ọ̀tẹ̀.

Èkejì ni "tán". Ohun tí ó tán ni ohun tí kò sí mọ́: owó tán, epo tán, omi inú àmù tán. "Tán" tún máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn láti fi hàn pé a ti ṣe nǹkan náà dé ojú àmì: ó jẹun tán, ó kàwé tán, ó sọ ọ́ tán. Ẹni tí ó bá sọ pé "iṣẹ́ mi parí" àti ẹni tí ó sọ pé "iṣẹ́ mi tán" kò sọ ohun kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ lè lọ sinmi. Ẹni kejì lè máa wá ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ẹ̀kẹta ni "kù". Ohun tí ó bá kù ni ó ń dí òpin lọ́wọ́. "Ó kù díẹ̀", "ó kù bíńtín", "ó ku dẹ̀dẹ̀ kí ó já": bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé "kù" bá ti ń yí padà ni ìtumọ̀ ń sún mọ́ bèbè. "Dẹ̀dẹ̀" jẹ́ kí a rí nǹkan náà bí ó ti rọ̀ sórí, tí kò tíì bọ́.

Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó ṣí ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ wa láti di ohun tí a ń kà lójú ìwé. Láti ìgbà náà ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ìwé gbà àti ọ̀rọ̀ tí ìgboro ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé gbà lónìí, iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti jáde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìgboro òde òní náà ti ń jáde.

Ọjà, Oko àti Omi

Ẹ wo "kógbá sílé". Bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa lónìí, ìwé ìròyìn a kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ilé iṣẹ́ náà lè jẹ́ ilé ìfowópamọ́ tí kò ní igbá kan ṣoṣo. Ọjà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Igbá ni ìyá ọlọ́jà fi ń pàtẹ, igbá ni ó fi ń díwọ̀n, igbá náà ni yóò sì kó jọ nígbà tí ọjà bá tú. Ẹni tí ó kógbá sílé nígbà náà yóò tún gbé igbá náà jáde bí ọjọ́ ọjà bá pé. Òpin tí ó ní ìpadàbọ̀ nínú ni. Òde òní ni a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ohun tí kò ní padà wá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "kásẹ̀ nílẹ̀". Ẹni tí ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ń lọ nìyẹn. Lónìí, àṣà ni a ń sọ pé ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí ìlà kíkọ tàbí aṣọ òfì híhun ní àwọn ibì kan, bí ẹni pé àṣà náà jẹ́ àlejò tí ó dìde lórí ẹní.

Láti inú omi ni "fìdí rẹmi" ti wá. Ohun èlò tí ìdí rẹ̀ bá ti rì sínú omi kò ní léfòó mọ́. Àwọn olóṣèlú ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí lónìí: olùdíje tí ó bá pàdánù ìbò ni a ń sọ pé ó fìdí rẹmi. Láti inú oko àti ìrìn àjò ni "ọjọ́ ti lọ" àti "ilẹ̀ ti ṣú" ti wá, nígbà tí àgbẹ̀ ń fi oòrùn díwọ̀n iṣẹ́. Bí ọ̀dọ́ òde òní bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "ilẹ̀ ti ṣú bá ọ", kò ní í ṣe pẹ̀lú alẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyá ọlọ́jà, àgbẹ̀ àti atukọ̀ ni ó dá àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ojúlówó lónìí sílẹ̀. Wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó dá wọn.

Ìlù Ẹdẹ àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Lè Ṣi Ni Lọ́nà

Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìlù. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsé Láoyè Kìíní, tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá kí àwọn àjèjì lè mọ iyì rẹ̀.

Ìlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọ̀rọ̀ òpin. Bí onílù bá lu "ó tán", ohùn òkè méjì ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n "ó dé" náà, ohùn òkè méjì ni. "Ó kú" náà, ohùn òkè méjì ni. Lójú awọ ìlù, ohun tí ó tán, ẹni tí ó dé àti ẹni tí ó kú kò yàtọ̀. Bí ó bá lu "ó parí", ẹni tí ó ń gbọ́ lè rò pé "ó ṣubú" tàbí "ó sanwó" ni ó wí.

Báwo ni onílù ṣe ń yanjú rẹ̀? Kì í fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó máa ń gùn ún, á fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn, á fi òwe tàbí oríkì gbé e ró, títí tí olùgbọ́ kò fi ní ṣì í gbọ́. Irú ìgùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú. Yorùbá kì í sábà fi "ó tán" mọ níbẹ̀. Ó tán pátápátá, ó tán ráúráú, ó bùṣe gègé. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó òpin, Yorùbá fẹ́ kí ó ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn onílù àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tún ní ẹnà, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí a dà rú kí àjèjì má baà gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹnà ní ọdún 1982. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn ọmọ òde òní ni ó kọ́kọ́ ní èdè àdáni tí àgbà kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìgboro jẹ́ àbúrò ẹnà: ẹgbẹ́ kan fi ń dá ara wọn mọ̀, wọ́n sì fi ń sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

Òpin Tí A Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Àwọn òpin kan wà tí Yorùbá kò gbà kí ẹnu lásán dárúkọ. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni a ń wí, bí ẹni pé ó gun àjà lọ, ó sì wà lórí wa síbẹ̀. Kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan ni ó fà á. Nínú àṣà ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí ó bá kéde ìpapòdà ọba kí àwọn ìjòyè tó kéde rẹ̀ ti ṣẹ̀. Gbogbo ìlú lè ti mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì di òótọ́ títí tí ẹni tí ó ní ẹnu yóò fi sọ ọ́.

Ìtàn tí ó fi èyí hàn jù lọ kan Ẹdẹ pẹ̀lú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Tìmì, tí í ṣe Ọlọ́fà Iná, àti Gbọ́nkáà jẹ́ akọni méjì lábẹ́ Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́. A rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akọni méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà sì padà da ìjọba Ṣàngó rú. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń kígbe pé ọba so. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dáhùn pé ọba kò so. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo, "kò", ni ó yí òpin ọba padà di ìbẹ̀rẹ̀ òrìṣà. Dúró Ládipọ̀ fi gbólóhùn yìí ṣe àkọlé eré rẹ̀, "Ọba Kò So", tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1964, ó gbé eré mìíràn jáde tí ó pè ní "Ọba Wàjà". Àkọlé méjì, ọ̀nà méjì tí Yorùbá fi ń bá òpin ọba wí: ọ̀kan sẹ́ ẹ, èkejì sì fi aṣọ bò ó.

Ọkọ̀ Ojú Irin, Mẹkáníìkì àti Àpò Gbígbẹ

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1907, ó ti kọjá ní Ẹdẹ, ó sì ti dé Òṣogbo. Ẹ̀rọ dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sì bá a dé. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù" ti bọ́ sí ìgboro: ohun èlò tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí kò wúlò mọ́ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Kò pẹ́ tí Yorùbá fi gbà á. Bàtà kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọkọ̀ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Nígbà tí ó yá, ènìyàn pàápàá lè di kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lẹ́nu àwọn tí kò ní àánú.

Láti ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì ni "ó ti nọ́ọ̀kì" ti wá. Bí ọ́ìlì bá gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì, irin a máa gbá irin, ariwo kọ́-kọ́-kọ́ a sì máa jáde. Ariwo náà ni orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì fi di "nọ́ọ̀kì". Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ti nọ́ọ̀kì, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe déédéé tó nígbà tí ọ̀dọ́ bá sọ pé ètò kan ti nọ́ọ̀kì. Ohun tí ó ń wí ni pé àìtọ́jú ni ó pa á, pé ẹni tí ó ni ín ti kọ̀ láti rọ ọ́ìlì sí i nígbà tí ó yẹ.

Ọdún 1980 sí 1989 mú irú òpin mìíràn wá. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ní ọdún 1982 ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ṣe òfin ìṣúnná, ní ọdún 1986 ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sáàpù kalẹ̀. Ní ọdún 1989 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ìlú fi ẹ̀hónú hàn lòdì sí i ní ìlú púpọ̀. Ọkọ̀ tuntun di àwátì, ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun sì gbòde. Yorùbá pè é ní tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé. Nípa fífi orúkọ ọmọ pe ọkọ̀ àlòkù, àwọn ènìyàn fi ọgbọ́n bo ìtìjú: ohun tí ó ti parí lọ́wọ́ ẹlòmíràn di ohun tí a ń kí káàbọ̀.

Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní nǹkan bí ọdún 2020 ni "sápá" gba ẹnu gbogbo ọ̀dọ́ kan. Àpò gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kì í sọ pé owó wọn tán. Wọ́n a ní sápá mú wọn, bí ẹni pé sápá jẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn náà ló ní "ó ti káàsì", tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí àṣírí rẹ̀ tú, tí kò sì lè bọ́ sí i mọ́, ni ó káàsì. Yorùbá àtijọ́ ti ní "ó já sí pàbó" àti "ó forí ṣánpọ́n" fún ohun tí ó jọ ọ́. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀: ohun tí ó forí ṣánpọ́n kùnà, ohun tí ó káàsì kùnà ní gbangba, lójú ẹgbẹ́.

Nígbà Tí Ìlú Sọ Pé Ó Tó Gẹ́

Ní Ìlọrin àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ òpin kan di ohun ìjà òṣèlú nígbà ìdìbò ọdún 2019. Ọ̀rọ̀ náà ni "Ó tó gẹ́". Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdílé Olóògbé Olúṣọlá Saraki, tí ó kú ní ọdún 2012, ti jẹ́ òpómúléró òṣèlú ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀, Bùkọ́lá Saraki, jẹ́ gómìnà láti ọdún 2003 sí 2011, ó sì jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti ọdún 2015. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ó fìdí rẹmi ní ẹkùn tirẹ̀, Àárín Gbùngbùn Kwara. Ní oṣù Kẹta, AbdulRahman AbdulRazaq ti ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó kọjú ìjà sí i wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà.

Ẹ kíyè sí bí gbólóhùn náà ti rí. Kò sọ pé "ó burú". Kò sọ pé "ó parí", nítorí pé ìbò kò tíì wáyé. "Ó tó" ni ó wí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún ṣe ń na ọwọ́ sí ẹni tí ó ń bù ú. "Gẹ́" ni ó fi ìlà sí i: níbí yìí gan-an, kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Àwọn olùfẹ́ ìdílé náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò tíì tó, wọ́n sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìjọba tiwa-n-tiwa, ìwé ìbò ni ó ní ẹnu.

Ọ̀ṣun: Ó Kù Díẹ̀

Bí Kwara ti kọ́ wa ní "ó tó", bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ṣun kọ́ wa ní "ó kù". Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018, àwọn ará Ọ̀ṣun dìbò yan gómìnà. Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ní ìbò 254,698. Gbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí, ní 254,345. Ìyàtọ̀ 353 ni. Ní Ẹdẹ, ẹni tí ó bá ka iye yìí lè sọ pé ó parí. Ṣùgbọ́n àjọ elétò ìdìbò sọ pé kò tíì parí, nítorí pé wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó ìdìbò méje, níbi tí olùdìbò 3,498 ti forúkọ sílẹ̀, iye náà sì pọ̀ ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àjọ náà lò bọ́ sí ẹnu ìgboro kíákíá: ìnkọnklúsíìfù. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, tí a lè fi pe ìgbéyàwó tí wọ́n sún síwájú tàbí ilé tí kò ní òrùlé. Kò sí ohun tuntun nínú ìtumọ̀ rẹ̀. "Ó ku dẹ̀dẹ̀" ni Yorùbá ti ń pè é tipẹ́.

Wọ́n tún ìbò náà dì ní ibùdó méje yẹn ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, Oyètọ́lá ní 255,505, Adélékè ní 255,023. Ìyàtọ̀ 482 ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò sọ pé Adélékè ni ó wọlé. Ní oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ẹsẹ̀ Oyètọ́lá múlẹ̀. Ó bùṣe.

Àbí kò bùṣe? Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn ìbò sọ pé Oyètọ́lá ni ó borí. Ní oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ẹsẹ̀ Adélékè múlẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, olúkúlùkù àwọn ọkùnrin méjì yìí ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òun ti tán, olúkúlùkù wọn sì ti gbọ́ pé ó dé. Bí ẹni pé ìlù Ẹdẹ ni ó ń sọ ọ́: ohùn òkè méjì, kí olùgbọ́ tú u bí ó bá ti lè tú u.

Ìlú kò nílò láti lọ jìnnà kí ó tó mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, ìjọba ológun fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù náà, tí ìròyìn fi hàn pé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀. Wọ́n kéde pé ó parí. Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní ọdún 1998, kò sì gorí àléfà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, ó sì fi oyè tí ó ga jù lọ dá Abíọ́lá lọ́lá. Ọdún 25 ni ó gbà kí ẹnu tí ó sọ pé ó parí tó gba èsì.

Èdè Náà Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan yàrá ìkàwé ju bí a ti rò lọ. Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń sọ pé èdè Yorùbá ń kú lọ, pé ó kù díẹ̀ kí ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgboro ni àwọn kan ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èdè tí ó ń mú "nọ́ọ̀kì" kúrò ní ilé mẹkáníìkì, tí ó fi "ti" síwájú rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di àkàwé fún ètò tí wọn kò tọ́jú, èdè tí ó wà láàyè ni. Òkú èdè kì í yá ọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni ọmọ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún gbogbo òpin, tí ó jẹ́ pé "ó ti fínìṣì" ni ó mọ, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí ó parí àti iṣẹ́ tí ó tán.

Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe kí ó lé ọ̀rọ̀ ìgboro jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́ ọmọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ sí àyè rẹ̀. "Ó ti káàsì" lè gbé ìtàkùrọ̀sọ ró bí ọ̀dọ́ méjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò yẹ nínú lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò sì yẹ nínú àròkọ aláàlàyé tí a ń kọ fún ìdánwò. Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀nà mẹ́wàá tí a lè gbà sọ pé nǹkan dópin, kí ó sì sọ inú iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, ẹ̀kọ́ èdè, ẹ̀kọ́ àṣà àti ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó ti kọ́ papọ̀.

Àwọn aláṣẹ náà ti sọ tiwọn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáradára, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ìkéde ọdún 2025 jẹ́ ọ̀rọ̀ òpin kan. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a ti sọ bọ̀ ti fi hàn, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sọ pé ó parí ni ó ní ẹnu láti sọ ọ́. Fún èdè, ẹnu tí ó ní àṣẹ ni ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́: ìyá tí ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá ní Ara, mẹkáníìkì tí ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní Ẹdẹ, olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ kan kúrò ní kíláàsì láìmọ ìyàtọ̀ "parí" àti "tán". Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ ìgboro ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí èdè wa. Kí a tọ́ ọ, kí a má ṣe gé e.